Ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ti kárí ayé, ta ni yóò ka ohun tó wà nínú rẹ̀?

Bí ènìyàn bá wọ yàrá àyẹ̀wò àwọn onímọ̀ jíìnì, yálà ní Boston ni o, ní London ni o, tàbí ní Tokyo, ọ̀rọ̀ kan wà tí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Kì í ṣe orúkọ oúnjẹ, kì í sì í ṣe orúkọ olórin. "Yorùbá" ni ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ti gé e kúrú sí lẹ́tà mẹ́ta, YRI, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni Yorùbá tó ń gbé n'Ìbàdàn. Iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n pè ní HapMap, tí orílẹ̀-èdè mélòó kan dáwọ́ jọ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002, ló fa orúkọ náà jáde. Ìdílé 30 ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn n'Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ kan, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 90 ènìyàn. Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Yunifásítì Howard l'Amẹ́ríkà nígbà náà, wà lára àwọn tó ṣe kòkáárí rẹ̀. Wọ́n bá àwọn ará àdúgbò jókòó, wọ́n ṣàlàyé, wọ́n sì gba ìyọ̀ǹda kí wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ kan ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó ẹ̀jẹ̀ náà lọ sí ilé ìpamọ́ kan ní New Jersey, wọ́n sì sọ ọ́ di ohun tó ń dàgbà nínú ìgò, tí kì í tán. Onímọ̀ tó bá fẹ́ lò ó níbikíbi lágbàáyé lè kọ̀wé, kí wọ́n fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí i.

Kò sí ẹni tó jí ohun ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àwọn tó fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ mọ̀ pé wọ́n fún wọn, ayé sì jàǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ dà bí ìwé tí wọ́n kọ tí wọ́n sì lẹ̀ pa. Ẹni tó ni ìwé lè máà mọ̀ ọ́n kà, ẹni tó mọ̀ ọ́n kà sì lè máà bìkítà nípa ohun tí ẹni tó ni ín fẹ́ gbọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ti àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ìṣègùn nìyẹn.

Ní oṣù Keje ọdún 2010, àwọn onímọ̀ kan ní Boston, Giulio Genovese, David Friedman àti Martin Pollak wà lára wọn, gbé iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Science. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń béèrè l'Amẹ́ríkà pé kí ló dé tí kíndìnrín àwọn aláwọ̀ dúdú fi ń kọṣẹ́ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti àwọn aláwọ̀ funfun. Àwọn kan ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, àwọn mìíràn ní ìṣẹ́ ni. Wọ́n wá rí i pé jíìnì kan tó ń jẹ́ APOL1 wà níbẹ̀, tó ní irú méjì tó yàtọ̀, G1 àti G2. Nígbà tí wọ́n wá wo ibi tí irú méjèèjì ti pọ̀ láyé, ẹ̀jẹ̀ tó ti Ìbàdàn lọ ló dá wọn lóhùn: bí ènìyàn bá mú ẹ̀dà jíìnì yìí 100 láàrin àwọn Yorùbá, ó sún mọ́ 40 tó jẹ́ irú G1.

Kí ni jíìnì bẹ́ẹ̀ wá ṣe lára ọmọ ènìyàn? Ọlọ́pàá ni. Ohun tí ó ń ṣe máa ń ṣàn nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń pa kòkòrò tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, èyí tó ń fa àrùn sùnrunsùnrun. Irú G1 àti G2 lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n ń pa ẹ̀yà kòkòrò náà tí irú àtijọ́ kò rí pa. Ẹni tó ní in ní ayé àtijọ́ a máa yè, a bímọ, ọmọ rẹ̀ a sì jogún rẹ̀. Ọlọ́pàá yìí kan náà ló wá ń ba ilé jẹ́ nínú kíndìnrín àwọn kan. (Ẹ̀yà kòkòrò tí wọ́n rí i pé ó ń pa dáadáa, ìlà-oòrùn Áfríkà ló wà, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀-oòrùn ni jíìnì náà ti pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń da àwọn àgbà láàmú, ó sì tó fún ọ̀dọ́ kan láti fi ìgbésí ayé rẹ̀ wá.)

Àwọn tó ní ẹbí tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń yọ lẹ́nu kò ní í ṣàì mọ irú ìtàn yìí. Ẹyọ kan jíìnì rẹ̀ ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ ibà, méjì ń sọ ọ́ di aláìsàn. Ọmọ tí wọ́n ń bí pẹ̀lú àrùn náà ní Nàìjíríà lọ́dọọdún lé ní 100,000, àrùn ẹ̀jẹ̀ yìí kan náà sì wà lára ohun tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ mọ kíndìnrín láìmọ ẹ̀jẹ̀, ó fẹ́ mọ odò láìmọ orísun rẹ̀.

Ìgbà kan wà tí àwọn àjèjì ń wá kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ n'Ìbàdàn. Ní ọdún 1964, ọmọ Ítálì kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, Lucio Luzzatto, dé síbẹ̀ láti ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀jẹ̀, ó sì lo ọdún mẹ́wàá. Òun, Usanga àti Reddy kó ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin tí ibà ń ṣe jọ, àwọn obìnrin tí irú sẹ́ẹ̀lì pupa méjì wà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn: èyí tí èròjà G6PD pé nínú rẹ̀, àti èyí tí kò pé nínú rẹ̀. Wọ́n fi ojú ka kòkòrò ibà nínú sẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì rí i pé kòkòrò náà pọ̀ ní ìlọ́po púpọ̀ nínú èyí tó pé ju èyí tí kò pé lọ. Science ló gbé e jáde ní ọdún 1969. Kò sí ohun èlò olówó iyebíye kan nínú iṣẹ́ náà. Maikirosikóòpù ni, sùúrù ni, àti ìbéèrè tó dára. Aláìsàn tó lè dáhùn ìbéèrè náà sì ń rìn wọlé sí ilé ìwòsàn lójoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ APOL1 ni kí á padà sí, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ló jẹ́ kí ó hàn pé ẹni tó ń béèrè ìbéèrè ṣe pàtàkì. Ohun tí ìwádìí Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ ni pé ewu kò sí níbẹ̀ àfi bí ènìyàn bá gba ẹ̀dà méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹlẹ́yọ kan, kí ó máa sùn kí ó máa han. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé fún ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2012, ètò kan tí wọ́n ń pè ní H3Africa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ NIH àti àjọ Wellcome ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń náwó sí i. Ẹ̀ka tirẹ̀ kan wà fún àìsàn kíndìnrín, tí Akinlolu Ojo, ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n l'Amẹ́ríkà, àti Dwomoa Adu ti ilẹ̀ Gánà ṣáájú rẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà àti Gánà ló ń gba àwọn ènìyàn wọlé, àwọn ọmọ ibẹ̀ ló ń bá wọn sọ̀rọ̀ ní èdè wọn, tí wọ́n ń wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, tí wọ́n ń gba ìtọ̀ wọn.

Àbájáde rẹ̀ jáde nínú New England Journal of Medicine ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Rasheed Gbadegesin ni orúkọ rẹ̀ ṣáájú, ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ lórí kíndìnrín àwọn ọmọdé n'Ìbàdàn kó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Duke. Ifeoma Ulasi ti Enugu àti Samuel Ajayi ti Ìbàdàn ló tẹ̀lé e. Ènìyàn 8,355 ni wọ́n yẹ̀ wò. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ó tó 30 tó ní ẹ̀dà méjì, 43 sì ní ẹyọ kan. Àwọn ẹlẹ́yọ kan tí wọ́n ní kí wọ́n máa sùn yẹn ńkọ́? Wọ́n rí i pé ewu àìsàn kíndìnrín tiwọn fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tí kò ní rárá lọ. Ní ti irú àìsàn kan tó ń sọ inú kíndìnrín di àpá, ó fi ìdá 61 jù ú lọ. Ti ẹlẹ́da méjì ga ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí di ẹni tí kò lè sun. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ní jíìnì yìí ni kíndìnrín wọn kò ní í ṣe nǹkan kan títí wọn yóò fi dàgbà darúgbó. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò rí ìtọ́jú, àtọ̀gbẹ, àti àgbo àti oògùn ara ríro tí wọ́n ń gbé mì láìwọ̀n ṣì ń pa kíndìnrín lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó fara sin níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Vertex l'Amẹ́ríkà ti ṣe oògùn kan tó ń jẹ́ inaxaplin láti dí APOL1 lọ́wọ́. Ní ọdún 2023, wọ́n ròyìn pé ó dín èròjà ara tó ń bá ìtọ̀ jáde kù ní ìwọ̀n tó sún mọ́ ìdajì láàrin ọ̀sẹ̀ 13, lára àwọn aláìsàn tí kò pọ̀. Ẹ̀dà méjì ni gbogbo àwọn aláìsàn náà ní. Bí kò bá jẹ́ pé àwọn kan jókòó sí ìwọ̀-oòrùn Áfríkà tí wọ́n kà á, ta ni ìbá rántí béèrè pé àwọn ẹlẹ́yọ kan ńkọ́, àwọn tó jẹ́ 43 nínú ọgọ́rùn-ún?

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run. Kíkọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tó bá ti kàwé di dókítà ti mọ ìwádìí ṣe, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ méjì ni. Dókítà kọ́ láti tètè pinnu, nítorí aláìsàn wà níwájú rẹ̀. Olùwádìí ní láti kọ́ láti má tètè pinnu. Yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ìtọ̀ tí kò ní í bàjẹ́ kó tó dé láàbù, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ nínú fìrísà ní ìlú tí iná mànàmáná ń lọ tó ń bọ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé jíìnì fún ìyá arúgbó kan láìpa irọ́ fún un. Yóò kọ́ ìṣirò. Yóò kọ́ pé bí òun bá yẹ kìkì àwọn tó wá sí ilé ìwòsàn wò, òun kò tíì mọ nǹkan kan nípa àwọn tí owó ọkọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n wá. Èyí tó le jù níbẹ̀ ni kí ó kọ́ láti ju èrò tirẹ̀ dànù nígbà tí òǹkà bá ta kò ó.

Àpẹẹrẹ kan tó mọ́lẹ̀ wà ní gúúsù Áfríkà. Bí dókítà bá fẹ́ mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, èròjà creatinine ni ó máa ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀, yóò sì fi í sínú ìṣirò kan tí wọ́n ṣe lókè òkun. Iṣan ara ló ń mú creatinine jáde. Ẹni tí iṣan rẹ̀ kò tó nǹkan, tí kò sì rí ẹran jẹ púpọ̀, tirẹ̀ yóò kéré, ìṣirò yóò sì sọ pé kíndìnrín rẹ̀ dára, bó tilẹ̀ ń kú lọ. June Fabian ti Yunifásítì Witwatersrand ní Johannesburg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Màláwì àti Ùgáńdà pinnu láti yẹ ìṣirò náà wò. Wọ́n fún àwọn ènìyàn ní abẹ́rẹ́ iohexol, ohun tí kíndìnrín nìkan ń fọ̀ jáde, wọ́n sì ń gba ẹ̀jẹ̀ wọn ní wákàtí-wákàtí láti wo bó ṣe ń yára kúrò. Ó ju 2,500 ènìyàn lọ tí wọ́n ṣe é fún. Àbájáde rẹ̀, tó jáde nínú Lancet Global Health ní ọdún 2022, fi hàn pé ìṣirò creatinine ń fi kíndìnrín àwọn ènìyàn hàn bí ẹni pé ó lágbára ju bó ṣe rí lọ. Ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti sọ fún pé kò sí nǹkan tó ṣe é, tí nǹkan sì ń ṣe é.

Johannesburg ti di ibi tí ọ̀pọ̀ dókítà kíndìnrín láti Nàìjíríà ti ń kọ́ṣẹ́. Kò lè rí bẹ́ẹ̀ kí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà tó lọ ní ọdún 1994. Ìlú náà ti ṣe ìrọ́pò kíndìnrín láti ọdún 1966, ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà kò lè fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ wá kọ́ ọ. Oxford àti London ni àwọn àgbà ń lọ. Oladipo Akinkugbe, ọmọ Oǹdó tí wọ́n bí ní 1933, Oxford ló ti kọ́ ìwádìí lórí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó padà sí Ìbàdàn, ó sì kọ́ àwọn tó ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn lónìí, kó tó di olóògbé ní oṣù Kẹfà ọdún 2020. Nísinsìnyí, àjọ àwọn oníṣègùn kíndìnrín lágbàáyé, ISN, ní ètò tó ti wà láti ọdún 1985, tó ń rán ọ̀dọ́ dókítà láti orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ sí ibi tí yóò ti kọ́ṣẹ́. Johannesburg àti Cape Town wà lára ibi tí wọ́n ń rán wọn lọ. Saraladevi Naicker, obìnrin tó ṣe olórí ẹ̀ka kíndìnrín ní Witwatersrand, kọ́ ọ̀pọ̀ wọn.

Ẹ fojú inú wo irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀. Ó gba yàrá sí Randburg, ìlú tó ti di ara Johannesburg láti ọdún 2000, níbi tí àwọn Yorùbá náà wà lára àwọn àlejò tó ń gbé. Láàárọ̀, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Parktown, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn àti ilé ìwòsàn Charlotte Maxeke wà. Òtútù oṣù Keje ń jẹ ẹ́ lára, ìyàwó ń pè láti Ṣágámù pé owó ilé ìwé ọmọ ti tó san. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tó ń tù ú nínú: ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ ń ka ohun tó kọ, ó ń fi bírò pupa fà á ya, ó ń dá a padà, ó ń tún un kà. Bí wọ́n bá ń wá ohun tí ẹ̀kọ́ ìwádìí jẹ́ gan-an, bírò pupa yẹn ni. Ìpàdé ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní hòtẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ti ń pín báàgì àti ìwé ẹ̀rí, tí ìrẹsì sì pọ̀ níbẹ̀, kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ilé ni wàhálà wà nígbà tó bá dé. Dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ àmọ̀dájú ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí kan kọ sílẹ̀ kó tó ṣe àṣeyọrí, àpò ara rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn sì ti ń ra èlò àyẹ̀wò. Òfin kan wà láti ọdún 2017 tó ní kí ìjọba máa fún wọn ní owó ẹ̀kọ́ lọ́dọọdún. Ẹ bi ẹgbẹ́ àwọn dókítà náà léèrè iye ìgbà tí pípẹ́ owó náà ti wà lára ohun tó fa ìyanṣẹ́lódì. Ẹni tó bá lo òru mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́, kí ló kù nínú rẹ̀ láti ka òǹkà? Àwọn kan ń padà lọ sókè òkun, wọ́n sì ń dá wọn lẹ́bi. Ẹ̀bi náà kò tọ́ sí gbogbo wọn. Gbadegesin wà ní Duke nígbà tí iṣẹ́ 2024 jáde, síbẹ̀ kíndìnrín ilé ló ń wò. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú ni pé, bí gbogbo ẹni tó mọ iṣẹ́ náà bá wà lóde, ta ni yóò gba ìtọ̀ lọ́wọ́ aláìsàn nínú ilé?

Owó àjèjì tó ń gbé e ró náà kò dúró lójú kan. H3Africa parí ní ọdún 2022. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, NIH kéde pé àwọn kò ní í gba kí ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà máa pín owó ìwádìí fún ilé ẹ̀kọ́ òkèèrè lọ́nà tó ti ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́, títí ètò mìíràn yóò fi wà. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ olùwádìí ní Johannesburg àti n'Ìbàdàn ti ń rí owó oṣù wọn. Wọ́n gbọ́ ìròyìn náà bí ẹni tí wọ́n fà ní àga nídìí.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025 kan náà, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé owó fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ fún aláìsàn kíndìnrín yóò wálẹ̀ láti 50,000 náírà sí 12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba kan, UCH n'Ìbàdàn àti ti Abẹ́òkúta wà lára wọn. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni fún ẹni tó ti ń ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti dé ìdí ẹ̀rọ, kíndìnrín rẹ̀ ti lọ. Àwọn tó wà lọ́nà níbẹ̀ ni ìwádìí ń wá: àwọn ọmọ àti àbúrò àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò, àwọn ẹlẹ́yọ kan tí ara wọn ṣì le, ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ fún àbúrò rẹ̀ ní kíndìnrín kan láìmọ̀ bóyá jíìnì kan náà wà lára òun. Ó gba kí ẹnìkan máa tẹ̀lé wọn fún ọdún mẹ́wàá tàbí ogún, kí ó máa gba ìtọ̀ wọn lọ́dọọdún, kí ó sì mọ àwọn tí wọ́n ti kó kúrò ní Mọ́kọ́lá lọ sí Àpáta. Ẹni tí yóò ṣe é kò tíì ju ọmọ ọdún 28 lọ báyìí, ó ṣeé ṣe kó wà lẹ́nu iṣẹ́ òru ní UCH lálẹ́ òní, tó ń dúró de owó ẹ̀kọ́ tọdún yìí.